Ọjọ́ Mẹ́tàdínlógún Lórí Ẹní Opó

Orúnkún la rò pé ó ń dun ìyá mi. Orúnkún la fi òrí ra, orúnkún la fi róòbù pa, tìtorí orúnkún ni dókítà àkọ́kọ́ ṣe gún un lábẹ́rẹ́. Orúnkún náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún la ń dá ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mo sì ń ṣáájú nínú àṣìṣe náà.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Ó lé ní ọdún kan tó fi wà lórí ibùsùn nínú ilé wa ní Ṣàpọ́n, ní Abẹ́òkúta, ìyá mi ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, àmọ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a yí ọkọ rẹ̀ padà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a fọ aṣọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta abọ́ àti ìkòkò, ó tì í pa. Bí a bá ní ká gba ẹnì kan tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, á bi wá pé ṣé òun ti sọ pé ó rẹ òun ni. Adigbe ni èmi ń gbé, ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń yà kí wọn kí n tó lọ wọṣẹ́, tí n á gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání nínú fúláàsì.

Àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ni mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí mo bá ìyá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó na ẹsẹ̀, ó gbé orí lé etí ibùsùn, ó sì di ọwọ́ bàbá mi mú. Bàbá mi ti lọ. Ìró ìdí ìyá mi tutù rinrin, mo sì rò pé ibi tó ti ń nu ara ọkọ rẹ̀ ni ikú ti bá wọn. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo fa fóònù yọ, nítorí pé bí ìbànújẹ́ bá dé bá mi, ẹnu nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo kọ́kọ́ pè. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, Abẹ́òkúta ló sì ń gbé, kò sí àárọ̀ tí kì í wà lójú ọ̀nà. Ẹni kejì tí mo pè ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àlàájà. Ohun kan náà ni mo sọ fún àwọn méjèèjì: ‘Ọwọ́ Màámi ni wọ́n kú sí. Màámi ló gbé wọn dání tí wọ́n fi dákẹ́.’ Ìyá mi gbọ́ mi. Ó gbé orí sókè, ó wò mí.

Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin bàbá mi, gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́ pé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló kú sí. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn nínú ẹbí wa. Obìnrin tí ọkọ kú sí lọ́wọ́ ti ṣe iṣẹ́ aya délẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ kan án. Àlàájà, tí mi ò gbọ́ kó yin ìyàwó ilé kankan rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ń sọ ọ́ fún àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń tù ú nínú lórí àbúrò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, opó kì í jáde láìnídìí, kì í sì í sun ìta. Ìyá mi jókòó sórí ẹní nínú yàrá kejì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá wá kí i kú ará fẹ́ra kù, ibẹ̀ náà ló ń bá a, ibẹ̀ náà ló sì ń fi í sí. Àwọn obìnrin á kí i tán, wọ́n á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wí pé, ‘Ẹ ò rí i bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́? Opó gidi nìyẹn.’ Wọ́n ní àwọn opó ìsinsìnyí kì í lè jókòó lójú kan, pé bí wọn ò bá máa tẹ fóònù, wọ́n á máa yọjú sí géètì. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo tilẹ̀ ń fi ìyá mi yangàn.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kúrò lójú kan fún ni Àlàájà. Ìyá mi ti ní ọmọ-ọmọ o, àmọ́ ìyàwó ilé ni síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ kò lè wọlé kí ìyàwó jókòó sílẹ̀ máa wò ó. Tó bá ti gbọ́ ohùn Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà, á di etí ibùsùn inú yàrá náà mú, á gbé ara rẹ̀ sókè, á wá fi orúnkún òsì nìkan kanlẹ̀, á na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òógùn á bo iwájú orí rẹ̀. Àlàájà á ní, ‘Dìde, ìyàwó wa. Ìwọ tí àbúrò mi kú sí lọ́wọ́, o ti kúnlẹ̀ tó.’ Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán ná kó tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí i tó ń fara ti ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀. Ó ní orúnkún ni, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí mo bá ń fi òrí ra orúnkún ọ̀hún, kì í mira rárá. Mo rò pé ọwọ́ mi ló tutù, pé òrí náà ló ń ṣiṣẹ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé orúnkún tí ń dunni gidi kò ní gbà kí èèyàn máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìrìn náà burú sí i. Kò gbà láti lọ sí ọsibítù, ni mo bá bẹ dókítà kan tó ní ọsibítù kékeré lẹ́bàá ilé mi ní Adigbe pé kó wá wò ó nílé. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó ní, ‘Màámi, ṣé ẹ ṣubú ni?’

Ìyá mi ní, ‘Rárá o.’

‘Ẹ ò fẹsẹ̀ gbá nǹkan kan?’

‘Mi ò fẹsẹ̀ gbá nǹkan kan.’

Ó ká ẹsẹ̀ náà díẹ̀, ìyá mi yí ojú sí ògiri. Dókítà ní làkúrègbé ni, pé jíjókòó sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ló ru ú sókè. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó kọ oògùn ara ríro fún un. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí a bá bi aláìsàn léèrè tó sì sẹ́, ojú nìkan ló kù tí dókítà máa lò, ohun tí ojú sì rí lọ́jọ́ yẹn ni ìyá àgbà kan, ẹní, àti aṣọ ọ̀fọ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àlàájà wá. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tó kí wa, mo gbọ́ tí ìyá mi dáhùn, mo wá gbọ́ ìró kan tí kò le, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ lábẹ́ aṣọ. Àlàájà pariwo orúkọ mi. Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi ti nà sílẹ̀ lórí ẹní, ètè rẹ̀ funfun. Kò sunkún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kúrú ju ti òsì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kọ́kọ́ jáde padà kí n tó tún wọlé.

Mo ní ọsibítù yá. Ìyá mi ní òun ò lọ. Ó ní opó kì í sun ìta. A ránṣẹ́ pe ààfáà wa, ó wá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ọ̀rọ̀ àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn, pé ẹni tí ìdí pàtàkì bá bá lè sùn níbi tí ìtọ́jú bá wà, opó rẹ̀ kò bàjẹ́. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó lọ tán, ó tún ní òun ò lọ.

Nígbà náà ni mo bínú. Mo ní, ‘Ṣé ẹ fẹ́ kú tẹ̀lé wọn ni? Ṣé ẹ rò pé inú wọn máa dùn sí i?’ Mo pariwo rẹ̀ níwájú àwọn àlejò. Àbúrò mi ti dé láti Èkó nígbà yẹn. Òun àti awakọ̀ kan gbé ìyá mi pẹ̀lú fóòmù tí a tẹ́ ẹ sí. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Èmi ni mo tú àwọn ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Dókítà eegun tó wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi, tí ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ọ. Kò tilẹ̀ wo orúnkún. Ó di gìgísẹ̀ mú, ó yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀, ìyá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n lọ ya àwòrán eegun. Ó gbé àwòrán náà sókè sí ojú fèrèsé kí n lè rí i: orí eegun itan wà nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí, eegun itan fúnra rẹ̀ ti lọ sókè lọ dúró lọ́tọ̀, bí ẹni tí wọ́n jọ jà.

‘Ìbàdí ni, kì í ṣe orúnkún,’ ó wí. ‘Ìrora ìbàdí máa ń sá wá sí orúnkún. Ó ń tan àwa náà jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àná ló kán. Àná ló yẹ̀. Ó ti sán tipẹ́, ó wọnú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń rìn.’ Ó yíjú sí ìyá mi. ‘Màámi, ìgbà wo lẹ ṣubú?’

‘Mi ò ṣubú.’

‘Ẹ rántí dáadáa, Mà.’

‘Mi ò ṣubú, dókítà.’

Ó mú mi jáde sí ìta. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìyá mi ṣubú, ọ̀rọ̀ náà yé òun: eegun àgbà ti fúyẹ́, ilẹ̀ sì le. Òun á yọ orí eegun tó ti kú náà, òun á fi irin rọ́pò rẹ̀, ó sì máa rìn. Lọ́tunla ni òun lè ṣe é. ‘Àmọ́ bí wọn ò bá ṣubú, nǹkan kan ló jẹ eegun yẹn tó fi dá fúnra rẹ̀. Mi ò lè ki irin bọ inú eegun tí mi ò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.’

Mo bi í pé nǹkan bíi kí ni.

‘Jẹjẹrẹ ni mò ń bẹ̀rù jù.’ Ó ní àyẹ̀wò rẹ̀ pọ̀, pé òmíràn máa dé Ìbàdàn kí èsì tó jáde, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún ní àgbàlagbà tó bá dùbúlẹ̀ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀ kó sì gun ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ló sì ń pa wọ́n, kì í ṣe eegun. ‘Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹ fi sùúrù bi wọ́n.’

Àbúrò mi bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dárúkọ jẹjẹrẹ létí Màámi. Mo ní n ò ní dárúkọ rẹ̀. Kò tó wákàtí méjì tí mo fi dárúkọ rẹ̀. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ohùn kan náà, ojú kan náà. Sùúrù tí dókítà ní kí n fi bi í ti tán. Mo ní, ‘Ó dáa. Jẹjẹrẹ ló ń jẹ yín nínú eegun nìyẹn. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀.’ Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní, ‘Pe dókítà yẹn wá fún mi. Kí ìwọ bọ́ síta.’

Mo pe dókítà, mo sì bọ́ sí ẹ̀yìn kọ́tínì. Mi ò lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ tí ìyá mi ní, ‘Mo ṣubú.’

‘Ìgbà wo, Mà?’

‘Ọjọ́ tí ọkọ mi kú.’

‘Níbo?’

‘Ilé ìwẹ̀. Mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọṣẹ wà nílẹ̀.’

‘Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ fi balẹ̀?’

‘Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.’

‘Ṣé ẹ lè dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?’

‘Mi ò lè dìde. Ọkọ mi ń pè mí láti yàrá. Ó máa ń pè mí ní Ìyàwó. Mo ní mò ń bọ̀. Ó tún pè mí. Mo tún ní mò ń bọ̀.’

Bíírò dókítà ń họ ìwé. Mo ń gbọ́ ọ. Kò sọ pé ‘ẹ pẹ̀lẹ́’, kò sì dá a dúró. Ó kàn bi í pé, ‘Báwo lẹ ṣe wá dé yàrá?’

‘Ìdí ni mo fi wọ́. Ó pẹ́. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí kò pè mí mọ́.’

‘Nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀ ńkọ́?’

‘Ó ti lọ.’

Bíírò náà dúró. Dókítà ní, ‘Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ṣubú, Mà?’

‘Bí mo bá sọ pé mo ṣubú, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo. Ọmọ mi sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi ló kú sí.’

Mo di irin kọ́tínì mú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Gbogbo ọjọ́ yẹn tí mo fi ń pe ìyá mi ní olóríkunkun nínú ọkàn mi, irọ́ tí èmi fi ẹnu ara mi dá sílẹ̀ ló ń rù, kò sì fẹ́ kó já lé mi lórí. Dókítà jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, ‘Lọ́tunla. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹun láti alẹ́ ọ̀la.’

Mo wọlé. Ìyá mi kò wò mí. Ó ní, ‘Ṣé o gbọ́?’

Mo ní mo gbọ́.

‘Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. O ti pe Àlàájà.’

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n bu omi fún òun. Nígbà tó mu ún tán, ó ní, ‘Ó dìgbà tí Àlàájà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú èèyàn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lẹ́nu wọn?’

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀tunla. Èmi àti àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta. Ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá dún, àwa méjèèjì á dìde. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní orí eegun tí òun yọ mọ́, ọrùn rẹ̀ náà mọ́, pé kò sóhun tó jẹ ẹ́. Ó ní ó máa rìn. Ó ní àmọ́ kò ní kúnlẹ̀ mọ́, kò ní jókòó sórí ẹní tàbí àpótí mọ́, orí àga ni á ti máa kírun. Àbúrò mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni Àlàájà wá. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá mi dúró, ó di ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mú, ó ń gbọ̀n. Bó ṣe rí Àlàájà báyìí, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀. Obìnrin náà gbá a mú ní ìbàdí. ‘Màámi, a ò kúnlẹ̀ mọ́ o.’ Ó gbé e jókòó sórí àga gíga.

Àlàájà dúró, ó ń wò ó. Mo rí i pé kò mọ ohun tó lè ṣe pẹ̀lú ìyàwó tó jókòó sókè. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ ọ́ sókè kí àwọn aláìsàn yòókù lè gbọ́: ‘Kí ni mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ rẹ ṣe? Ìwọ tí àbúrò mi kú sí lọ́wọ́.’

‘Àlàájà,’ mo wí, ‘kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bi Màámi kí n tó pè yín.’ Mo fẹ́ máa bá a lọ, àmọ́ ìyá mi gbé ọwọ́ sókè.

‘Jẹ́ kí n sọ ọ́,’ ó wí.

Ó sọ ọ́. Kò gùn tó èyí tó sọ fún dókítà. Ilé ìwẹ̀, ọṣẹ, ìpè, ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlàájà fara ti irin ibùsùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá etí gèlè rẹ̀ láìrí i.

‘Ó ti kán nígbà tí ò ń kúnlẹ̀ fún mi?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.’

‘Gbogbo ìgbà tí mo wá?’

‘Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.’

Mo rò pé ó máa bínú. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú sí mi, kó bú mi dáadáa, kára lè tù mí. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, ‘Nígbà tó ń pè ọ́, o dáhùn?’

‘Mo dáhùn. Kò sí èyí tí mi ò dáhùn.’

‘Ó gbọ́?’

Ìyá mi sọ pé, ‘Mi ò mọ̀.’ Ìgbà yẹn ló sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú.

Ó ti wà lórí ahọ́n mi: ‘Wọ́n gbọ́, Màámi. Wọ́n gbọ́ yín dáadáa.’ Ọ̀rọ̀ náà rọrùn, ó dára, gbogbo èèyàn nínú wọ́ọ̀dù ìbá ti ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Mo gbé e mì. Àlàájà náà kò sọ pé ó gbọ́. Ó wọ́ àga kan wá, ó jókòó síwájú ìyá mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àkókò àlejò ti tán.